Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́ ògiri: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń bá lọ

Ẹ kú ìdààmú o. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Táǹkì lítà 1,000 lẹ ní, ẹ máa ń fa omi kún un lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dín kù dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò wẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọ aṣọ. Púlọ́ńbà yín ti pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ kíṣìnì, kò yí ohunkóhun padà. Ní báyìí, ó ní àfi kí òun fọ́ táìlì ilé ìwẹ̀ kí òun lè yọ páìpù inú ògiri. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kó dúró ná.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ tó wá wò ó nígbà náà fọ́ ògiri kíṣìnì láti ìsàlẹ̀ títí dé ọ̀gangan àyà, ó yọ páìpù síta, inú ògiri gbẹ táútáú. Owó táìlì, owó sìmẹ́ńtì, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ, omi sì ń lọ bó ṣe ń lọ. Ibi tó ń gbà lọ ni WC yàrá àlejò, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà wọ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó wà nínú àpótí omi rẹ̀ ló ti gan, kò bo ojú ihò mọ́. Owó rọ́bà náà kò tó owó ọkọ̀ tó gbé yanrìn wá fún wa láti fi tún ògiri ṣe.

Láti ìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń jò kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Mo ti bá àwọn ará àdúgbò wá a, mo ti bá àwọn ọmọ mi wá a nínú ilé tí wọ́n háyà. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé páìpù tó ń jò nínú ògiri kì í lè fi ara pamọ́ pẹ́. Ọ̀dà á máa wú, á máa bó, nǹkan funfun bí iyọ̀ á máa yọ lára ògiri, ìsàlẹ̀ ògiri á sì ní àbàwọ́n. Ìdajì táǹkì yín jẹ́ lítà 500. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́nà ogún nìyẹn. Bí kẹ́ẹ̀gì ogún bá ń dà sínú ògiri ilé ìwẹ̀ yín lálaalẹ́, ẹsẹ̀ yín ni ì bá kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ̀yin náà sì kọ ọ́ pé kò sí ibi tó tutù nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi lọ sí ògiri rárá.

Ẹ lo alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta láti wá a. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí táǹkì bá ti kún, ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tọ́ tó sì gbẹ. Ẹ kì í bọ inú táǹkì títí á fi kanlẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Kí ẹnì kan di àkàsọ̀ mú fún ẹni tó bá gùn ún o. Ẹ má dá a ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ti fáàfù tó wà lẹ́nu páìpù tó ń ti ìdí táǹkì wá sínú ilé. Kí gbogbo ilé ti bu omi tí wọ́n máa lò sílẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí nǹkan kan, ẹ tún fi igi yẹn wọ̀n ọ́n. Bí táǹkì yín bá fẹ̀ tó mítà 1 láti etí dé etí, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó bá dín túmọ̀ sí pé bíi lítà 8 ti lọ. Ẹ ó ti mọ iye tó ń sọnù, ẹ kò ní máa fojú díwọ̀n.

Bí omi bá dín kù nígbà tí fáàfù yẹn wà ní títì, a jẹ́ pé inú ilé yín mọ́, ilé ìwẹ̀ kò jẹ̀bi. Táǹkì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò, tàbí páìpù tí púńpù fi ń gbé omi gòkè. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí páìpù púńpù yìí, nítorí òun lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Omi máa ń padà sínú kànga. Bí ẹnu páìpù tó ń gbé omi wá bá rì sínú omi táǹkì, tàbí bó bá jẹ́ láti ìdí táǹkì ni wọ́n ti so ó, tí fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà bá sì ti jẹ tàbí tí yanrìn há sí i lẹ́nu, ní kété tí púńpù bá ti dákẹ́ ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà sísàlẹ̀. Kò ní dún, kò ní tutù níbì kan, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Mo rí i nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Omi kan náà ni tọkọtaya náà ń san owó iná lé lórí láti fà gòkè lójoojúmọ́. Púńpù agbára ẹṣin 1 (1 HP) ń jẹ bíi wáàtì 750 ó kéré tán. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yúnìtì kan lára mítà yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ wo ohun tó ń bá omi lọ.

Ẹ ṣí ìdérí táǹkì kí ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù yẹn wà. Bó bá rì sínú omi, ẹ gé e kúrú kí ẹnu rẹ̀ lè wà lókè omi nígbà tí táǹkì bá kún tán. Bí atẹ́gùn bá ti rí ọ̀nà wọlé sí i, omi ò lè fà padà mọ́. Bó bá jẹ́ láti ìdí táǹkì ló ti wọlé, iṣẹ́ náà pọ̀ ju ìyẹn lọ: ẹ ní kí púlọ́ńbà gbé e gba òkè, kó sì pààrọ̀ fáàfù yẹn. Owó tí ẹ fẹ́ fi fọ́ táìlì á ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti lu táǹkì láti ki páìpù bọ̀ ọ́ náà lè máa jò. Omi á máa rìn lára páìpù wálẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́ kí ẹ tó jí. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ fi bébà tíṣù yí i ká lálẹ́, kí ẹ wò ó kí oòrùn tó yọ. Tíṣù kì í parọ́.

Ṣùgbọ́n bí omi kò bá dín nígbà tí fáàfù wà ní títì, inú ilé ló ń lọ, WC sì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kọ ọ́ pé omi kànga ẹlẹ́rọ yín ní Ìkòròdú máa ń pọ́n, pé ó ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára báàkẹ́ẹ̀tì. Irin inú omi yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí rọ́bà ti yẹ kó bo ihò dáadáa, á wá máa fi àyè tó tín-ín-rín sílẹ̀. Ẹ ra búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ pò ó sínú omi díẹ̀, ẹ dà á sínú àpótí omi tó wà lẹ́yìn WC, kí ẹnikẹ́ni má fà á fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi inú àwo WC bá di búlúù, ẹ ti rí olè yín. Ẹ ṣe é fún gbogbo WC ilé, pàápàá èyí tí ẹ kì í lò.

Ó kù kí ẹ mọ apá ibi tó ti ń jò nínú àpótí náà, torí nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ ti fáàfù kékeré tó ń gbé omi wá sí i lára ògiri, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé nínú àpótí, ẹ fi sílẹ̀. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, rọ́bà ìsàlẹ̀ ni. Bí kò bá lọ sílẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá ṣí i padà ni omi ń ga títí tó fi ń dà sínú páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ àárín, bọ́ọ̀lù fáàfù, ìyẹn fáàfù inú àpótí tó yẹ kó ti omi nígbà tó bá kún, ni kò ti omi tán. Ẹ má ra méjèèjì pọ̀ nígbà tó jẹ́ ọ̀kan ló bàjẹ́.

Kí ẹ tó ra rọ́bà tuntun, ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ fi ìka yín tọ́ ẹnu ihò náà ká. Bó bá rí ṣákaṣàka, ìpẹtà ló wà níbẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí aṣọ, ẹ fi nù ún títí á fi dán, ẹ fọ rọ́bà náà, ẹ dá a padà, kí ẹ tún dán búlúù wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń parí síbẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ásíìdì bátìrì ọkọ̀ ṣe é bí àwọn kan ṣe ń sọ, ẹ má sì ṣe da Hypo pọ̀ mọ́ ásíìdì kankan nínú ilé ìwẹ̀. Atẹ́gùn olóró ló ń jáde látinú rẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì sì ni ilé ìwẹ̀ ọ̀pọ̀ wa. Bí rọ́bà bá ti le tàbí tó ti wọ́, ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí wọn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Ní ti bọ́ọ̀lù fáàfù oníke, ẹ fi ọwọ́ dè é, kí ẹ fi sípánà kún un díẹ̀ péré. Ẹni tó bá fi agbára dè é ló ń sán an.

Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán tótó kò lè jẹ kẹ́ẹ̀gì ogún lóru kan, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ ti omi, ẹ tú orí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wásà rọ́bà tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé lára rọ́bà táyà lọ́dọ̀ fọkanáísà lè mú yín dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí WC gbogbo bá mọ́, tí omi sì tún ń dín nígbà tí fáàfù táǹkì wà ní ṣíṣí, ẹ wo páìpù tó rìn gba ìta kí ẹ tó ronú kan ògiri. Páìpù PVC tí oòrùn ń pa láti ọdún pípẹ́ máa ń gan, á sì máa sán níbi tí wọ́n ti so ó. Ẹ wo ibi tí koríko ti ń hù tútù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ lè rí páìpù náà.

Iṣẹ́ PVC kò le, ìkánjú ló ń bà á jẹ́, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi iná yan ẹnu páìpù kan kó lè fẹ̀, wọ́n á ki èkejì bọ̀ ọ́, nítorí kí wọ́n má ba ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń so páìpù méjì pọ̀. Ibi tí iná ti fẹ̀ ẹ́ yẹn ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ là lọ́jọ́ tí omi bá fi agbára wá. Èéfín páìpù tó ń jó kò dára fún ẹnikẹ́ni láti fà símú, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń tẹ orí bá lé e. Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gé páìpù kí ojú rẹ̀ tọ́, ẹ fi sáńdípépà ha á lẹ́nu, ẹ nu ún kó gbẹ pátápátá. Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ara páìpù àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, méjèèjì. Ẹ tì í wọlé tán, ẹ yí i díẹ̀, ẹ dì í mú kó má ta padà. Kí omi má gbabẹ̀ títí di ọjọ́ kejì bó bá ṣeé ṣe. Gọ́ọ̀mù yìí kì í lẹ̀ lásán, ńṣe ló ń yọ́ ojú páìpù méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Bí omi bá wà láàárín wọn, wọn kò ní di ọ̀kan láé. Níbi tí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ onírin tó ń yí, tírẹ́ẹ̀dì tépù, tépù funfun tí a ń yí mọ́ ẹnu páìpù, lẹ máa lò, kí ẹ yí i síhà ibi tí ẹ máa yí nǹkan náà sí nígbà tí ẹ bá ń dè é, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á tú bí ẹ ṣe ń dè é.

Ohun kan wà tí mi ò ní gbà yín níyànjú láti fọwọ́ kàn: àpótí iná púńpù. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́, iná yẹn lè gbé èèyàn lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná. Onímọ̀ iná ni kí ẹ pè sí ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá wá pe púlọ́ńbà padà, fún ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ ní kó fi fáàfù kan sí ẹnu ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò wọ́n. Nígbà mìíràn tí omi bá ń sọnù, ẹ ó lè ti ilé ìwẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì láìti gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ padà wá sọ ohun tí igi yẹn fi hàn ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ bóyá òkè ni páìpù púńpù yín ti wọ táǹkì tàbí ìdí, torí èsì yẹn ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbà lọ́jọ́ kejì.