Ìdí-igi kì í ṣe ogún ìyàwó

Ìbéèrè: Bàbá wa kú láìkọ ìwé ìhágún. Ìyá mi bí èmi nìkan, ìyálé rẹ̀ bí márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní bí a bá pín ogún ní ìdí-igi, ìyá mi ni yóò jogún bàbá, èyí tó lòdì sí àṣà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Ó ń bí mi nínú pé àgbàlagbà tó wọ agbádá ló ń tú àṣà ká báyìí níbi ìpàdé ẹbí. Ìyàwó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Iye ìyàwó tó bímọ ni ìdí-igi ń kà, àwọn ọmọ ló sì ni ìpín. Ọ̀nà méjì ni ilé yín ní: ìdajì fún ẹ, ìdajì yòókù fún àwọn márùn-ún. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, ìyẹn kí a ka orí àwọn ọmọ, kí a sì pín in dọ́gba fún wọn, ọ̀nà mẹ́fà ni, kóńkó jabele.

Kí ló dé tí àwọn baba wa fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní nítorí ìjà orogún ni. Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé obìnrin tí Ọlọ́run fún ní ọmọ kan ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Òun àti ìyálé jọ lọ oko ni, wọ́n jọ kó kòkó, wọ́n jọ sá a. Kí ló wá dé tí ọmọ rẹ̀ yóò fi gba ìdá kan nínú mẹ́fà? Ọlọ́mọ kan ni ìyá àgbà mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọmọ ẹyọ kan bú u, ohun tó máa ń sọ ni pé: "Ọ̀kan ṣoṣo àràbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹgbàá òṣùṣù." Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí òwe ìtùnú. Lójú tèmi, òfin ogún ló wà nínú rẹ̀: igi ni a ń kà, a kì í ka ewé.

Àwọn tó ń sọ pé ìdí-igi ti di ohun àtijọ́, ṣé wọn kò gbọ́ nípa ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni? Suberu Dawodu kú ní Èkó lọ́dún 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ Jibowu, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní kí wọ́n pín in dọ́gba láàárín ọmọ mẹ́sàn-án náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí ìdájọ́ náà padà. Nígbà tó di 1962, tí a ti gba òmìnira ṣùgbọ́n tí ẹjọ́ ṣì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀n, Privy Council, ilé ẹjọ́ àṣekágbá wa ní Lọ́ńdọ̀n nígbà náà, fọwọ́ sí ìdí-igi: ọ̀nà mẹ́rin, nítorí ìyàwó mẹ́rin. Ó dùn mí pé Lọ́ńdọ̀n ló bá wa gbèjà ohun tí àwa fẹ́ sọ nù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í tilẹ̀ bi àgbà léèrè mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé.

Ṣùgbọ́n má kàn fi orúkọ ẹjọ́ yìí dẹ́rù bà wọ́n. Ẹjọ́ kan náà ló sọ pé bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí bí ìpín yóò ṣe rí, olórí ẹbí ní àṣẹ láti ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá ni olórí ẹbí, fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà. 

Ní ti ìyá rẹ fúnra rẹ̀, òfin àṣà kò ṣe é dáadáa, n kò sì ní gbe òfin náà lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún un sọ lọ́dún 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, pé opó tí wọ́n fẹ́ lọ́nà ìbílẹ̀ kò ní ìpín nínú ohun ìní ọkọ. Inú ìpín tìrẹ ni kí o ti wá ibi tí yóò máa gbé.