Ṣé lóòótọ́ làwọn yẹn máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ẹ̀yà kan wà ní ọ́fíìsì wa tí wọn ò pọ̀, àmọ́ tẹ́nì kan bá ti pẹ́ dé báyìí, àwọn náà ni. Mi ò kórìíra wọn o, ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ. Wọ́n wá ní kí n wà lára àwọn tó máa yan ẹni tí wọ́n máa gbé ga, mi ò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mú bírò. Ẹ ò parọ́, ẹ rí wọn lóòótọ́, àwọn tẹ́ ẹ rí tẹ́ ẹ ti gbàgbé ni wàhálà.

Lọ́dún 1976, Hamilton àti Gifford, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fún àwọn èèyàn ní gbólóhùn 39 kà nípa ìwà ẹgbẹ́ méjì. 26 jẹ́ ti ẹgbẹ́ A, 18 dáa, 8 ò dáa. 13 jẹ́ ti ẹgbẹ́ B, 9 dáa, 4 ò dáa. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, 8 nínú 26 àti 4 nínú 13 dọ́gba, kò sí èyí tó burú ju ìkejì lọ. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n rántí ẹni tó ṣe kí ni, ìwà burúkú tí wọ́n kà sí B lọ́rùn ju èyí tó hù lọ, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà lásán ni B o, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkankan nípa ẹ̀ rí! Ìgbà tí wọ́n wá yí i padà, tó jẹ́ ìwà rere ni ò wọ́pọ̀, B náà ni wọ́n gbé ìwà rere fún ju bó ṣe yẹ lọ.

Nǹkan tí kì í wọ́pọ̀ ló máa ń gba àfiyèsí wa. Àwọn èèyàn yẹn ò pọ̀, pípẹ́ dé náà ò pọ̀, tí méjèèjì bá wá pàdé lára ẹnì kan ọpọlọ ò ní gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tiwa ló pẹ́, a máa ní ọ̀nà ló dí, ó parí.

Torí náà ẹ ṣí ìwé tí wọ́n ń sáìn láàárọ̀, ẹ ya àpótí mẹ́rin: tiwọn tó pẹ́, tiwọn tó tètè dé, tiyín tó pẹ́, tiyín tó tètè dé. Tiwọn tó tètè dé yẹn lẹ ò ní rántí láéláé tẹ́ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wo iye nìkan, ẹ wo mélòó nínú mélòó. Tẹ́nì kan bá ń pẹ́ lóòótọ́, orúkọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀yà ẹ̀. Kí ìpàdé sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní káwọn tẹ́ ẹ jọ máa yan ṣe tiwọn lọ́tọ̀, torí ojú kan náà ni gbogbo yín fi ń wò wọ́n.