Ọmọ kíláàsì mi ní òfin Einstein fẹ́ yí padà: kí ni kí n dá a lóhùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀mọ̀wé. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Òmù-Àrán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wà lórí òfin òòfà (gravity) Newton nígbà tí ọmọ kan nawọ́ sókè. Ó ní òun kà á lórí fóònù pé níbi tí òòfà kò bá ti lágbára, òfin Newton àti ti Einstein kì í ṣiṣẹ́ mọ́, pé wọ́n ti ń tún un ṣe. Mi ò fẹ́ parọ́ fún un, mi ò sì fẹ́ da orí àwọn tó kù rú kí WAEC tó dé. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sọ?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kójú ti ọmọ yẹn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn àgbà onímọ̀ físíìsì ti ń jiyàn lórí ohun tó béèrè yẹn. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń wá ọ̀nà láti tún òfin náà ṣe. Wọn ò tíì rí èyí tí gbogbo wọn gbà. Nítorí náà, ẹ máa kọ́ wọn ní ti Newton lọ bó ṣe wà nínú ìwé. Kò sí ohun tó yí padà fún ìdánwò.

Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn: Mercury ń sá kìlómítà 47 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ayé wa ń sá 30, Neptune tó jìnnà réré sí oòrùn ń sá 5.4. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ṣe jìnnà tó ni òòfà oòrùn ṣe ń dẹ̀ lára rẹ̀, tí eré rẹ̀ sì ń dínkù. Ohun tí Newton wí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àwọn ìràwọ̀ náà ní agbo tí wọ́n ń yí po. Oòrùn wa wà nínú èyí tí à ń pè ní Milky Way. A retí pé kí àwọn tó wà ní etí agbo máa rìn pẹ̀lẹ́, bíi Neptune. Ní 1970, Vera Rubin àti Kent Ford ní Amẹ́ríkà wọn eré inú agbo Andromeda, wọ́n rí i pé kò dínkù bó ṣe yẹ. Wọ́n wo àwọn agbo mìíràn lẹ́yìn náà, bákan náà ni. Pẹ̀lú irú eré yẹn, ó yẹ kí àwọn ìràwọ̀ etí agbo ti fò dànù bí òkò inú kànnàkànnà. Kí ló dì wọ́n mú?

Bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tó wúwo, tí kò tan ìmọ́lẹ̀, tí ojú wa kò sì rí. Tàbí kẹ̀, òfin òòfà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀ níbi tí òòfà bá ti fẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ìtàn kan fún wọn níbí, torí kò sí èyí tó là mí lójú tó o. Le Verrier, ará Faransé, rí i pé Uranus ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí òfin Newton là fún un. Ó ní pílánẹ́ẹ̀tì tí a kò tíì rí ló ń fà á. Ó ṣírò ibi tó wà. Ní 1846 wọ́n kọjú awò-awọ̀nàjíjìn síbẹ̀, wọ́n bá Neptune níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé Mercury náà ń yà díẹ̀. Ó tún ní pílánẹ́ẹ̀tì àìrí ni; wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Vulcan. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, torí kò sí. Òfin ló fẹ́ àtúnṣe, Einstein ló sì ṣe é ní 1915. Ọkùnrin kan náà, ọgbọ́n kan náà: ó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tàsé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó gba ọ̀nà àtúnṣe lọ́tẹ̀ yìí ni Mordehai Milgrom, ará Ísírẹ́lì, ní 1983. Ó ní bí òòfà bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, kì í tètè dínkù mọ́ bí Newton ṣe wí. Ìwọ̀n náà kéré débi pé mítà 0.00000000012 péré ló ń fi kún eré ohun tó bá ń fà, ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní irú òòfà bẹ́ẹ̀ ti ń fa nǹkan kan láti ayé Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, láìsinmi, títí di òní kò ní yára tó ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Ọba. Òòfà tó ń mú ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ yín ní Òmù-Àrán fi nǹkan bí ìlọ́po bílíọ̀nù 80 jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe yìí, bó tilẹ̀ jóòótọ́, kò fi lè kan afárá, ọkọ̀ òfuurufú tàbí máàpù orí fóònù.

Síbẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn bá eré inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ìràwọ̀ mu, ńlá àti kékeré. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Àmọ́ òfin Newton ni Milgrom tún ṣe. Òòfà máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, ti Einstein ló sì ń ṣírò ìyẹn bó ṣe rí, nítorí náà òun gan-an ni wọ́n ní láti tún ṣe. Jacob Bekenstein gbé tirẹ̀ jáde ní 2004. Ní 17 August 2017, òkú ìràwọ̀ méjì tó forí gbárí fi ìgbì òòfà (òòfà tó ń ru bí ìgbì omi) àti ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Nǹkan bí mílíọ̀nù 130 ọdún ni wọ́n fi rin ìrìn náà, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ò sì pé láàárín wọn tí wọ́n fi dé. Àtúnṣe Bekenstein kò gbà pé kí wọ́n bára dé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣubú, òun àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ní 2021, Constantinos Skordis àti Tom Złośnik tẹ òmíràn jáde tó yege níbẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, ohun àìrí ni mo fi ọkàn sí jù, nítorí Bullet Cluster. Ìdìpọ̀ agbo ìràwọ̀ méjì ló kọlu ara wọn. Gáàsì wọn, tó wúwo ju ìràwọ̀ wọn lọ, há sí àárín. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ sì fi hàn pé ìwúwo tó pọ̀ jù ti kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ṣòro fún àtúnṣe òfin nìkan láti ṣàlàyé ìyẹn. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ohun àìrí náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀ láti fi mú un.

Ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe. Níbi tí ayé wa wà, òòfà oòrùn jẹ́ 0.006 ní ìwọ̀n kan náà tí mo fi ka ti Milgrom. Kí wọ́n fi òfin Newton wá ibi tí yóò ti dín kù dé nọ́ńbà Milgrom. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa yóò rí i pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po 7,000 jìnnà ju ibi tí a wà lọ. Neptune, 30 péré ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó béèrè yẹn ló wá ṣe é sójú pátákó.