Ìpele òkúta tó dà sínú òkè náà ń wó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àwọn ìpele òkúta ibi tí ẹ gé lára òkè dà sínú òkè (ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ wọn wọ inú òkè lọ, orí wọn sì tẹ̀ síta), wọn ò dà síta, ẹ sì ń béèrè ohun tó ń jẹ́ kí orí òkè máa là. Èmi náà bi ọ̀gá mi ní irú ìbéèrè yìí níbi tí wọ́n ti ń wa sléètì, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, ní àríwá Wales ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkàn gbogbo wa ti balẹ̀ pé òkúta tó dà sínú òkè kò lè yọ̀ jáde. Òótọ́ ni, kò yọ̀. Ńṣe ló dojú bolẹ̀.

Ẹ to pákó mẹ́wàá ní òró, kí wọ́n fara ti ara wọn, kí orí wọn tẹ̀ díẹ̀ síwájú, kí ẹ wá yọ ohun tó gbé ti iwájú dúró. Bó ṣe ń rí nìyẹn.

Bí ẹ ṣe gé ojú òkè ló ń pinnu rẹ̀. Ìpele òkúta tiwa dà sínú òkè ní dígírì 75 sí ilẹ̀ títẹ́jú. Yọ ọ́ kúrò nínú 90, ó ku 15. Fi dígírì tí òkúta fi ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lórí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún un, ìyẹn 30 níbi tiwa, ó di 45. Ojú òkè tó bá ti nà ró ju 45 lọ ti wọ inú ewu. Àwa gé e ní 65! Ìṣirò tí Goodman àti Bray, àwọn onímọ̀ nípa òkúta, gbé jáde ní 1976 ni, ṣùgbọ́n òkè ti là kí n tó jókòó ṣe é.

Gíga náà ń dá kún un. Òpó òkúta tó nípọn mítà 1, tó dá dúró lórí ìsàlẹ̀ tó dà síta ní dígírì 20, bó bá ti ga ju nǹkan bíi mítà 2.7 lọ, ó ń bọ̀ nílẹ̀, kódà láìsí omi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá irin so òpó méjì pọ̀, ó di mítà 2 ní nínípọn, ó sì lè ga tó 5.4.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a jẹ́ kí katapílà gbẹ́ wọ ẹsẹ̀ òkè. Àwọn òkúta kúkurú tó wà níbẹ̀ ló ń gba ẹrù àwọn gíga tó ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn.

Mo kan èèkàn méjì, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ibi tó là, kí n lè mọ bó ṣe ń fẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, ìka mi kan ló wọ ojú ibi tó là náà. Nígbà tó di Ẹtì, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi wọlé. Ẹ tún wo etí rẹ̀ dáadáa: bí òkúta bá ń yọ̀, etí tó wà níhà kòtò ló máa ń rẹlẹ̀. Tiwa yàtọ̀, etí ìhà kòtò ló ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò nísàlẹ̀ lónìí. Ẹ má gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè mọ́, ẹ da òkúta tì í, ẹ darí omi òjò kúrò lórí, kí ẹ wá máa gé e ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn láti òkè wá sísàlẹ̀.

Tiwa wó lóru lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó wà nísàlẹ̀.