Camry Mi Ń Mu Ọ́ìlì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Camry tòkúnbọ̀ ọdún 2008 ni mo ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle. Kò jò sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ọ́ìlì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mẹkáníìkì mi ní kí n mú owó ríǹgì wá. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú ra ẹ́ńjìnnì Belgium, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun. Mi ò lówó tí mo lè fi dán méjèèjì wò. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì ná owó yẹn.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi nọ́ḿbà ara ẹ́ńjìnnì hàn yín. Bó bá jẹ́ 2AZ-FE, lítà 2.4, àìsàn tí a ti mọ̀ mọ́ Camry ọdún 2007 sí 2009 ni. Ihò kéékèèké ara písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì), tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀, ló kéré jù. Bí ìdọ̀tí ọ́ìlì tó jóná bá ti dí i, ọ́ìlì á máa bá bẹntiróòlù jó lókè. Toyota fúnra wọn pààrọ̀ písítìnì àti ríǹgì tó yí i ká fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í gbà kí wọ́n pààrọ̀ ríǹgì nìkan. Ríǹgì kọ́ ló wọ́n, owó iṣẹ́ ni, nítorí wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ fi ríǹgì tuntun sára písítìnì àtijọ́, ihò yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ ó tún san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Belgium ńkọ́? Ara Camry bíi tiyín náà ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́! Kò sì sẹ́ni tó máa tan án fún yín ní ọjà Ládípò kí ẹ fi oṣù kan wò ó bóyá ó ń mu ọ́ìlì.

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fáàfù PCV, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà jáde; owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì òkè lára géèjì, ẹ wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bíi kìlómítà 1,900, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ bá rọ kún un sílẹ̀. Bí Toyota ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn: tó bá ti gbà tó lítà kan, ó ti kọjá ààlà. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fowó yín pamọ́, ẹ máa yẹ géèjì wò láràárọ̀. Bó bá tó o, písítìnì tuntun mẹ́rin pẹ̀lú ríǹgì wọn lẹ ó rà. Ẹ tẹ̀ lé mẹkáníìkì lọ sọ́jà, kí owó ọjà dá dúró, kí owó iṣẹ́ náà dá dúró.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ò gbọdọ̀ tán o, lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà. Tí iná pupa ọ́ìlì bá tàn níwájú yín, ẹ pa ọkọ̀ níbẹ̀, ẹ má ní ẹ ó délé. Tó bá fi lè nọ́ọ̀kì, owó písítìnì tí à ń sọ yìí ò ní ka nǹkan kan mọ́.