Dókítà ò pè yín ní wèrè

Ẹ ní ẹ ò rí oorun sùn mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò sì gbọ́ oògùn dáadáa, ni dókítà bá ní kí ẹ lọ rí onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí. Ẹ wá ń bínú pé ṣé ó rò pé orí yín ti dàrú ni. Èmi náà bínú nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ka igi àjà lóru, oògùn oorun ò sì ràn mí mọ́.

Ẹ lọ o. Kì í ṣe pé wọ́n á kàn ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ìtọ́jú tó ní ìlànà ni, CBT-I ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìtọ́jú àìróorunsùn tó ń tún ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn nípa oorun ṣe. Láti 2016 ni American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú fún, kó tó kan oògùn.

Wọ́n á ní kí ẹ máa kọ ìgbà tí ẹ dùbúlẹ̀, ìgbà tí oorun gbé yín lọ àti ìgbà tí ẹ jí. Ẹ má fojú di ìwé yẹn. Tèmi fi hàn pé bíi wákàtí 9 ni mo fi ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ibẹ̀ ò ju 5 àti ààbọ̀ lọ. Wọ́n bá gé ìdùbúlẹ̀ náà kù sí 5 àti ààbọ̀. (Wọn kì í sábà jẹ́ kó dín ní 5.) Bí oorun bá ti ń kún àkókò yẹn, wọ́n á máa fi bí ìṣẹ́jú 15 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aago kan náà lẹ ó máa jí lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi ò yọ sílẹ̀.

Tí oorun ò bá wá lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, ẹ dìde lọ jókòó síbòmíràn títí yóò fi kùn yín. Ẹ má wo aago, ẹ fojú bù ú. Richard Bootzin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1972. Ara ti fi bẹ́ẹ̀dì mọ ibi àníyàn. Ẹ̀ ń kọ́ ọ lákọ̀tun ni.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ korò bí ewúro, n ò ní parọ́. Tí oorun bá ń kùn yín lọ́sàn-án, ẹ má wakọ̀. Ẹni tó bá ní wárápá tàbí bipolar (àìsàn ọpọlọ tí ara fi ń yá èèyàn jù nígbà kan, tí ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì jù nígbà míì) gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí àìsùn lè jí àìsàn náà dìde.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ tí èèyàn bá sùn. Ẹni tí ò sùn ò rí ìsinmi yẹn. Tèmi ti rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń lo oògùn mi, kí ẹ̀yin náà má dá tiyín dúró. Tí oògùn oorun bá wà níbẹ̀, dókítà ni kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn bóyá ẹ máa ń hanrun, tí èémí yín á dá dúró, tí ẹ ó wá ta gìrì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ èémí yín wò lójú oorun, torí ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀, ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́ oògùn.