Tẹlifíṣọ̀n Lọ́ńdọ̀nù ní 1968: kí ni nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé lè rí wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Eré orí ìtàgé ni mò ń kọ lọ́wọ́, nípa tọkọtaya Yorùbá kan tó ń gbé yàrá kan ní Peckham ní oṣù kọkànlá 1968. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ọkọ ń kọ́ iṣẹ́ amòfin. Nínú ìran kìíní, ìyàwó ti iṣẹ́ alẹ́ dé láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó tan tẹlifíṣọ̀n, fíìmù aláwọ̀ kan sì ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ jí, ó mú rìmóòtù, ó ń ti ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn, ìjà bẹ̀rẹ̀. Nínú ìran tó kẹ́yìn, aago méjì òru ti lù, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀, ọkọ ti sùn lọ níwájú rẹ̀. Bàbá kan tó gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Níbo ni mo ti ṣì í? Kí ni wọn ì bá rí wò lóòótọ́, ibo ni mo sì ti lè yẹ̀ ẹ́ wò? (Òǹkọ̀wé eré, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá yẹn jàre. Tẹlifíṣọ̀n òde òní lẹ gbé sínú yàrá àwọn èèyàn 1968. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtọ́jú fíìmù àti téèpù ètò àtijọ́ máa ń rí irú èyí, nínú fíìmù olówó ńlá pàápàá. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í rántí ni pé ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ ni kò sí ètò kankan lórí ẹ̀rọ náà rárá. Kì í ṣe pé iná lọ o. Ìjọba ló ń díwọ̀n iye wákàtí tí BBC (tó ní ìkànnì méjì, BBC1 àti BBC2) àti ITV, ìkànnì onípolówó, lè lò lọ́sẹ̀. Mínísítà tó ń rí sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ètò àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ti ìsìn kò sí lára iye yẹn. Oṣù kìíní 1972 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọjọ́rú kan nínú oṣù náà, ká tẹ̀lé ìyàwó yìí láti àárọ̀. Òkùnkùn ló ti máa bọ̀ láti ọsibítù, nítorí lọ́dún yẹn ni ìjọba pinnu pé aago kò ní padà sẹ́yìn mọ́ nígbà òtútù. Ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa títí aago mẹ́jọ fi máa kọjá. Láti oṣù kejì 1968 títí di òpin oṣù kẹwàá 1971, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó jọ ń lọ ní ọgbọọgba. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni nínú eré yín bá fẹ́ sọ pé, “Ní báyìí, nílé…”

Tó bá tan ẹ̀rọ náà láago mẹ́sàn-án, yóò kọ́kọ́ dúró ná, nítorí ẹ̀rọ ìgbà náà gbọ́dọ̀ gbóná kí àwòrán tó yọ. Nígbà tó bá sì yọ, ilà àti àmì onírúurú ni yóò rí, pẹ̀lú orin tí kò ní ọ̀rọ̀: káàdì ìdánwò, èyí tí àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe fi ń mọ̀ bóyá àwòrán tọ́. BBC2 ti ní tirẹ̀ láti 1967, tó ní fọ́tò ọmọdébìnrin kan tó jókòó ti pátákó pẹ̀lú bèbí aláwàdà kan. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ sí i, BBC1 àti ITV á gbé ètò àwọn ọmọ ilé-ìwé sáfẹ́fẹ́. Láago mọ́kànlá, Play School á bẹ̀rẹ̀ lórí BBC2 fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé, kò sì ní tó ìdajì wákàtí kó tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì padà dé. Ní nǹkan bí aago kan àbọ̀ ọ̀sán, BBC1 á ṣe eré bèbí ráńpẹ́ fún àwọn ọmọ kékeré, á ka ìròyìn díẹ̀, á tún dákẹ́ tàbí kó padà sí ti ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú á ti sùn tipẹ́.

Ti fíìmù aláwọ̀ yẹn: ó yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà lọ́sàn-án. BBC2 máa ń fi àwọn fíìmù kúkúrú aláwọ̀ hàn, nípa ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ìrìn-àjò, kí àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n lè rí nǹkan fi han oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni tọkọtaya yín á ti rí i. Ẹ̀rọ aláwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £300 nígbà náà, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì jẹ́ £10 lọ́dún, nígbà tí ti dúdú àti funfun jẹ́ £5. (Ní oṣù kìíní 1969, £5 yẹn di £6.) Yàtọ̀ sí èyí, BBC2 nìkan ló ní àwọ̀, láti oṣù keje 1967. BBC1 àti ITV kò ní in títí di ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 1969, ọdún kan gbáko lẹ́yìn eré yín.

Ìkànnì mẹ́ta péré ló wà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì ni yàrá Peckham yẹn ní. Ọ̀nà tí BBC2 ń gbà wọlé yàtọ̀: ó gba ẹ̀rọ tuntun àti áńtẹ́nà ọ̀tọ̀. Rìmóòtù kò sí níbẹ̀. Ọkọ gbọ́dọ̀ dìde kó lọ yí bọ́tìnnì lára ẹ̀rọ, ìjà yín á sì túbọ̀ dùn bẹ́ẹ̀, torí ìyàwó lè dúró síwájú ẹ̀rọ kó má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n ń háyà tẹlifíṣọ̀n ni, òmíràn sì ní àpótí lẹ́yìn tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí. Bí ṣílè bá tán nínú àpótí, àwòrán á kú, ibi yòówù kí eré dé. Ká ní èmi ni mo ń kọ ọ́, ohun tí mo máa fi dá ìjà náà sílẹ̀ nìyẹn: ta ló ná ṣílè tó kẹ́yìn?

Ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń jí gan-an. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, BBC1 á bẹ̀rẹ̀ ètò ọmọdé: Jackanory, níbi tí ẹnì kan ti ń jókòó sórí àga tó ń ka ìtàn, àti The Magic Roundabout ráńpẹ́ ṣáájú ìròyìn tó ń sún mọ́ aago mẹ́fà. Ọkọ yín lè wo ìyẹn; ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń wò ó. Láago méje àbọ̀, ITV á gbé Coronation Street, eré alápá púpọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀lé, jáde, nítorí ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ni tirẹ̀. Bí onílé wọn bá jẹ́ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni má kàn án lẹ́nu ọ̀nà lásìkò náà. Ní ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù, ìròyìn àgbà BBC1. Lẹ́yìn rẹ̀ ni The Wednesday Play, eré gidi tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Láago mẹ́wàá, ITV á gbé News at Ten, ìdajì wákàtí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ iléeṣẹ́ ITV. Agbègbè ni ITV ń bá pín. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Rediffusion ló ń ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀; láti ọjọ́ 30 oṣù keje 1968, ó di Thames. Thames dé, ó yọ eré Crossroads kúrò, ariwo sọ, ó dá a padà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ti fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà gbẹ́yìn àwọn ìlú yòókù. Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ ìyàwó tó ń gbé Birmingham má sọ ìtàn rẹ̀ fún un bíi pé wọ́n jọ wò ó lálẹ́ àná. Bákan náà, ẹ má fi ìpolówó sìgá sí i: wọ́n ti fòfin dè é lórí tẹlifíṣọ̀n láti oṣù kẹjọ 1965.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ya tọkọtaya yìí lẹ́nu bí ará oko. WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Ohun tó yẹ kó dà wọ́n láàmú ni ohun tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Ogun ń lọ nílé. Láti àárín ọdún 1968 ni àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Biafra ti ń wọ ìròyìn alẹ́ wọn, àwọn aláìsàn á sì máa bi nọ́ọ̀sì náà ní wọ́ọ̀dù bóyá àwọn ẹbí rẹ̀ nìyẹn. BBC1 ní The Black and White Minstrel Show, níbi tí òyìnbó ti ń fi dúdú kun ojú kọrin, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn ará Íńdíà àti Pakísítánì ní ètò tiwọn lórí BBC láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti 1965; àwọn ará Áfíríkà kò ní irú rẹ̀. Barbara Blake, ọmọ Jàmáíkà, ń jábọ̀ fún ètò Today ti Thames lọ́dún náà, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo Alf Garnett, onísọkúsọ inú Till Death Us Do Part, ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí rẹ̀ ni, nítorí ó ti lọ ìsinmi láti oṣù kejì.

Láago méjì òru, kò sí ohunkóhun. Àwọn ìkànnì máa ń pa dé ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́. BBC1 á lu orin ìyìn orílẹ̀-èdè, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ aago méjì òru dandan, ẹ gbé ìran náà lọ sí òru ọjọ́ 20 mọ́ 21 oṣù keje 1969, tí BBC àti ITV kò sùn nítorí àwọn tó lọ sínú òṣùpá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Armstrong fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Kí ọkọ ti sùn lọ kó tó dé ibẹ̀, ìyẹn dára fún eré.

Fún àyẹ̀wò, BBC Programme Index lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní Genome tẹ́lẹ̀, ní ètò inú Radio Times, ìwé tí BBC ń tẹ ètò rẹ̀ sí, lọ́jọ́ dé ọjọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pinnu ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an wà nínú àkọsílẹ̀ BBC ní Caversham, lẹ́bàá Reading. ITV kò sí nínú Radio Times: TV Times ni tirẹ̀, tàbí kí ẹ wo ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ní ilé-ìkàwé yunifásítì tó bá ní The Times tàbí Guardian àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má retí pé ẹ ó rí gbogbo ètò náà wò, nítorí wọ́n nu ọ̀pọ̀ téèpù láti tún un lò. Bí ẹ bá sì rí èyí tó kù, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó lo ohùn tàbí orin rẹ̀ lórí ìtàgé, tàbí kí ẹ jẹ́ kí òṣèré kan ka ìròyìn tí ẹ̀yin fúnra yín kọ láti ẹ̀yìn aṣọ.